Ta Ló Jókòó Síwájú Ọkọ̀ Steinbeck?

Ojú ewé tí mo fẹ́ràn jù nínú ìwé Travels with Charley, táyà ló bẹ́ níbẹ̀. Ọjọ́ Ìsinmi ni, ní ìpínlẹ̀ Oregon, òjò sì ń rọ̀ ṣáá. John Steinbeck ti di ẹrù lé ọkọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Táyà ẹ̀yìn kan bẹ́ gbàù, èyí tó kù ò sì ṣeé gbọ́kàn lé. Ó wọ́ ọkọ̀ dé ilé epo kan nínú ẹrẹ̀. Ọkùnrin tó bá níbẹ̀, ojú ẹ̀ ò fani mọ́ra rárá: òmìrán ni, àpá wà lójú ẹ̀, ẹyinjú kan funfun, kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Irú ẹni téèyàn máa rí lálẹ́ táá sọdá sí òdìkejì títì. Ọkùnrin yìí ló gbé fóònù, ó pe ibí, ó pe ọ̀hún, títí tó fi rí táyà tó lágbára tó láti gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀, lọ́jọ́ Ìsinmi tí gbogbo ṣọ́ọ̀bù ti tì pa. Kò tó wákàtí mẹ́rin, táyà ti dé. Steinbeck bá bẹ̀rẹ̀ sí í wúre fún un nínú ìwé: kó pẹ́ láyé, kí ọmọ ẹ̀ kún ilẹ̀ ayé.

Ẹ ò rí i? Àdúrà ìyá àgbà ní Ìbàdàn gan-an nìyẹn. Èmi náà ti dúró létí títì márosẹ̀ rí, lálẹ́, tí táyà bẹ́, tí fọkanáísà kan tí mi ò rí ojú ẹ̀ dáadáa yọ láti abẹ́ àtíbàbà tó sì gbà mí là. Àdúrà tí mo ṣe fún un ò yàtọ̀ sí èyí. Ìdí nìyẹn tí ojú ewé yẹn fi wọ̀ mí ní akínyẹmí ara. Àmọ́ mo ní ẹjọ́ kan láti bá ìwé náà rò, ojú ewé yìí náà ni ẹjọ́ ọ̀hún sì ti bẹ̀rẹ̀.

Fún ẹ̀yin tẹ́ ò tíì kà á: ọmọ Salinas ní California ni Steinbeck, ọdún 1902 ni wọ́n bí i, òun ló sì kọ The Grapes of Wrath tó jáde lọ́dún 1939. Nígbà tó máa fi di 1960, ó ti pé ẹni ọdún 58, ara ò fi bẹ́ẹ̀ dá ṣáṣá mọ́, apá New York ló sì fi ṣe ibùgbé. Ó wò ó pé òun ń kọ̀wé nípa ilẹ̀ tí òun ò fi ojú ara òun rí mọ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Ló bá ní kí wọ́n gbé ilé kékeré kan lé ẹ̀yìn ọkọ̀ GMC fún òun: bẹ́ẹ̀dì wà níbẹ̀, sítóòfù wà níbẹ̀, fíríìjì náà wà níbẹ̀. Ó sọ ọkọ̀ náà ní Rocinante, orúkọ ẹṣin Don Quixote. Ó kó ìbọn àti ọ̀pá ìpẹja sínú ẹ̀ kí wọ́n lè rò pé ọdẹ lòun, torí ó mọ̀ pé bí ọkùnrin bá ní òun kàn ń rìn kiri ni, ìfura ni wọ́n máa fi wò ó. Nínú oṣù Kẹsàn-án, lẹ́yìn tí ìjì Donna ti jà létí òkun níbi tó ń gbé, ó gbéra. Nǹkan bíi 10,000 máìlì ló rìn. Ìwé náà jáde lọ́dún 1962, ọdún yẹn náà ló gba ẹ̀bùn Nobel.

Èmi tí mò ń jẹun nídìí kọ̀ǹpútà, ohun tó kọ́kọ́ dùn mọ́ mi nínú ìwé náà ni ẹ̀rọ ìfọṣọ rẹ̀. Ó fi okùn tó ń nà so ike ìdalẹ̀nù onídèérí kan rọ̀ nínú ọkọ̀, ó kó aṣọ ìdọ̀tí, ọṣẹ àti omi gbígbóná sí i. Bí ọkọ̀ bá ti ń jó lórí títì, aṣọ ń fọ ara ẹ̀. Ẹni tó ronú kan irú nǹkan báyìí, tèmi ni.

Ajá ńkọ́? Poodle ńlá ni Charley, ìtòsí Paris ni wọ́n bí i, ó sì máa ń tètè gbọ́ èdè Faransé ju Gẹ̀ẹ́sì lọ. Iṣẹ́ tí Steinbeck gbé fún un kì í ṣe iṣẹ́ ajá ọdẹ. Tó bá rí àjèjì tó ń dáná síbì kan, á tú Charley sílẹ̀. Charley á rìn lọ síbi oúnjẹ wọn, ọ̀gá ẹ̀ á wá lọ mú un, á ní kí wọ́n jọ̀ọ́ kí wọ́n má bínú, ọ̀rọ̀ á sì bẹ̀rẹ̀. Aṣojú ni ajá. Àwa náà mọ irú ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tiwa le díẹ̀. Bí bàbá kan bá ní ọ̀rọ̀ nínú sí ará ilé kejì, á ra ajá, á sọ ọ́ ní Tańtólọ́run, á sì máa pè é láàárọ̀ lálẹ́ lójúde. Ajá ò mọ nǹkan kan. Ẹni tí wọ́n ń bá wí mọ̀. Tiwa ń ju òkò ọ̀rọ̀, ti Steinbeck ń wá ọ̀rẹ́, ṣùgbọ́n ọgbọ́n kan náà ni: ajá ló ń báni sọ ohun tí ẹnu ẹni ń tijú láti sọ.

Ajá tiwa ń jẹ́ Ṣebótimọ. Ìyàwó mi ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Mi ò tíì béèrè ẹni tó ń bá wí.

Seattle ni iṣẹ́ gbé mi dé. Nínú oṣù Kọkànlá ọdún kan, a yá ọkọ̀ tó ní ilé lẹ́yìn, àwa méjèèjì àti Ṣebótimọ, a gba orí afárá gígùn tó sọdá odò Columbia wọ Astoria, a sì kọrí sí gúúsù lórí títì 101, òkun lọ́wọ́ ọ̀tún, òkè lọ́wọ́ òsì. (Afárá yẹn ò tíì sí nígbà ayé Rocinante, ọdún 1966 ni wọ́n ṣí i.) Ẹni tó bá ní òun mọ òjò, kó lọ síbẹ̀ nínú oṣù Kọkànlá ná. Kì í ṣe irú òjò tiwa tó máa ṣú dùdù, táá sán ààrá, táá rọ̀ fún wákàtí kan kí oòrùn tó tún yọ. Ìkùukùu ń ti orí òkun Pàsífíìkì bọ̀, ó ń kọlu àwọn òkè etí òkun, kò rí ọ̀nà lọ, ló bá kúkú jókòó síbẹ̀, ó ń da omi nù. Wẹ́liwẹ́li láàárọ̀, wẹ́liwẹ́li lọ́sàn-án, ìjì lálẹ́. Haystack Rock tó wà ní Cannon Beach, àpáta tó ga tó 235 ẹsẹ̀ bàtà, ìdajì ẹ̀ péré la rí. Kùrukùru ti gbé ìyókù mì.

Fèrèsé òrùlé ọkọ̀ ń jò. Ilé iṣẹ́ tó yá wa ní ọkọ̀ sọ lórí fóònù pé kò ṣeé ṣe kó máa jò, a sì gbé abọ́ sábẹ́ ohun tí kò ṣeé ṣe náà. Ṣebótimọ á jáde, òjò á pa á, á padà wọlé, á gbọn ara ẹ̀ jìgìjìgì sórí bẹ́ẹ̀dì tí a ti ń gbàdúrà kó gbẹ láti àná. Òórùn ajá tútù nínú yàrá tí kò tó ibi ìdáná ilé wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀. Ó wọ inú búrẹ́dì.

Nígbà tí a dé Newport, ìjì le débi pé a ò lè wakọ̀. Mo bá mú ìwé Steinbeck jáde, mò ń kà á sókè fún ìyàwó mi, mò ń tú u sí Yorùbá bí mo ṣe ń lọ. Nígbà tí mo dé ibi táyà, ó ní kí n dúró.

"Ta ló wà lọ́dọ̀ ẹ̀?"

"Charley."

"Mi ò béèrè ajá. Bàbá tó fẹnu ara ẹ̀ sọ pé òun kì í mọ̀nà, pé bí wọ́n ṣe bí òun nìyẹn. Ẹrù pọ̀ jù lọ́kọ̀, táyà bẹ́, òjò ń rọ̀, wọ́n ń dúró de táyà láti ọjọ́ yìí. Kò sẹ́ni tó bá a jà? Kò sẹ́ni tó ní 'ṣé mo sọ fún ẹ'?"

"Òun nìkan ló ń lọ. Ìyàwó ẹ̀ wà nílé."

Ó wo òjò lójú fèrèsé títí. "Kò jọ ọ́," ló wí.

Obìnrin tí kò ka ìwé náà rí ló rí i. Èmi tí mo ti kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta ò rí nǹkan kan.

Lọ́dún 2010, oníròyìn ará Pittsburgh kan, Bill Steigerwald, tẹ̀lé ọ̀nà tí Steinbeck gbà, lẹ́yìn 50 ọdún gẹ́lẹ́. Bó ṣe ń fi ọ̀rọ̀ inú ìwé wé létà àti ọjọ́ orí kàlẹ́ńdà, ìṣirò ò dọ́gba mọ́. Lóru kan tí Steinbeck ní òun pàgọ́ sí gbangba ní North Dakota, létà tó kọ fi hàn pé ilé ìtura ló sùn. Ìwé àfọwọ́kọ náà wà ní Morgan Library ní New York, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti wá yé Steigerwald. Elaine, ìyàwó Steinbeck, wọ bàálù wá bá a ní Seattle, wọ́n sì jọ sọ̀ kalẹ̀ lọ sí California. Nínú ẹ̀dà àkọ́kọ́, Elaine wà níbẹ̀. Nínú ìwé tó jáde, wọ́n ti yọ ọ́ kúrò lójú ọ̀nà etí òkun yẹn pátápátá. Nígbà tí Penguin tún ìwé náà tẹ̀ lọ́dún 2012, Jay Parini tó kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú kìlọ̀ fún òǹkàwé pé kò yẹ ká mú gbogbo ẹ̀ bí ohun tó ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́.

Nídìí iṣẹ́ tèmi, ohun kan wà tí à ń pè ní rebase. Tóo bá ti ṣe iṣẹ́ rúdurùdu fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tóo ṣàṣìṣe, tóo yí i padà, tí ẹlòmíì bá ẹ tún un ṣe, o lè tún ìtàn iṣẹ́ náà tò kó tó di pé o fi han ayé. Ó máa jáde mọ́ tónítóní. Ẹni tó bá kà á á rò pé o jókòó lọ́jọ́ kan ni, o sì mọ ohun tí o ń ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Gbogbo wa là ń ṣe é. Ohun tí à ń bú ara wa lé lórí ni kéèyàn fi rebase yọ orúkọ ẹni tó bá a ṣiṣẹ́ kúrò. Ohun tí Steinbeck àtàwọn olóòtú ẹ̀ ṣe nìyẹn, àmọ́ wọ́n gbàgbé ẹ̀dà àkọ́kọ́ sí láíbìrì.

Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ. Ṣebí òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ ni, kí ló burú? Kò sẹ́ni tó ń béèrè àdírẹ́ẹ̀sì Igbó Irúnmalẹ̀ lọ́wọ́ Fágúnwà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ pàlọ́ fún ọmọdé, a máa ń kọ́kọ́ sọ pé àlọ́ ni, àwọn náà á sì dáhùn. Steinbeck ò sọ fún ẹnikẹ́ni pé àlọ́ ni. Àti pé, kì í tiẹ̀ ṣe irọ́ yẹn ló ń dùn mí jù. Ohun tó ń dùn mí ni pé irọ́ náà ba ìwé jẹ́, ní ti iṣẹ́ ọwọ́.

Ẹ lọ tún apá Oregon yẹn kà. Lẹ́yìn táyà, kí ló kù? Ó tín-ín-rín. Ẹni tó lè fi ojú ewé púpọ̀ sọ̀rọ̀ nípa àwọn ará oko ní Maine kàn ń sáré kọjá létí òkun bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ọ̀rọ̀ àwọn igi redwood ló tún gbà á sílẹ̀. Ẹ̀fẹ̀ tó wà níbẹ̀ dùn gan-an: ó fẹ́ kí Charley, ajá tó ń tọ̀ sí ìdí gbogbo igi tó bá rí, wá tọ̀ sí ìdí igi tó tóbi jù láyé. Charley ò tiẹ̀ wo igi náà, torí ó ga ju ohun tí ajá lè mọ̀ sí igi lọ. Steinbeck bá gé ẹ̀ka willow, ó rì í mọ́lẹ̀, ó fi ewé ẹ̀ ti ara redwood. Ìgbà yẹn ni Charley wá gbọ́ òórùn igi tó mọ̀, ló bá ṣe ohun tó yẹ kó ṣe. Mo rẹ́rìn-ín nígbà àkọ́kọ́, mo sì tún rẹ́rìn-ín ní Newport. Ṣùgbọ́n ní báyìí tí mo ti mọ̀ pé Elaine wà nítòsí, ìbéèrè mìíràn ń sọ sí mi lọ́kàn. Àgbàlagbà ẹni ọdún 58 rì ẹ̀ka igi mọ́lẹ̀ kí ajá lè tọ̀ sí i. Kí ni ìyàwó ẹ̀ sọ? Obìnrin ará Texas ni, tó ti ṣiṣẹ́ alábòójútó orí ìtàgé ní Broadway kó tó fẹ́ ẹ. Kò lè ṣe kó má sọ nǹkan kan. Bí mo ṣe ka ibẹ̀ nìyí: létí òkun yẹn, ajá ń ṣe iṣẹ́ ẹni méjì. Gbogbo ohun tí Elaine ì bá sọ, Steinbeck ti tì í sí Charley lẹ́nu, Charley ò sì lè sọ ọ́. Ibẹ̀ ni gbogbo ojú ọ̀nà náà ti dákẹ́.

Ẹ wá fi wé New Orleans, tó jẹ́ ìparí ìwé. Elaine ti padà sílé nígbà yẹn. Steinbeck dá wà lóòótọ́. Ó lọ wo àwọn obìnrin tó ń kóra jọ lárààárọ̀ síwájú ilé ẹ̀kọ́ kan láti bú ọmọdébìnrin aláwọ̀ dúdú kékeré kan tó ń wọlé, oṣù Kọkànlá ọdún 1960 náà ni ọ̀rọ̀ Ruby Bridges bẹ̀rẹ̀. Èébì gbé e nínú ohun tó kọ. Kò sí ẹ̀ka willow níbẹ̀, kò sí ẹ̀fẹ̀. Ó tiẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọkùnrin kan tó ń tọ́jú ọkọ̀ ní ìlú náà yọjú wo Charley níjòókòó iwájú, ó sì ń rẹ́rìn-ín pé òun ti rò pé aláwọ̀ dúdú ni wọ́n gbé síbẹ̀. Ẹ̀fẹ̀ tí àwọn funfun ń ṣe níbẹ̀ nìyẹn.

Ẹ̀fẹ̀ yẹn ló gbé mi padà sí òjò Oregon. Ẹ jẹ́ ká fi aláwọ̀ dúdú sí ìjókòó yẹn lóòótọ́, tàbí ká fún un ní ìwakọ̀, lọ́dún 1960, lójú ọ̀nà etí òkun kan náà, pẹ̀lú ọkọ̀ kan náà àti ajá kan náà. Ìbọn ńkọ́, tí Steinbeck kó dání kí wọ́n má bàa fura sí i? Òfin ìpínlẹ̀ Oregon tí wọ́n kọ lọ́dún 1857 ní aláwọ̀ dúdú kankan ò gbọdọ̀ wá gbé ibẹ̀, kò gbọdọ̀ nílẹ̀ níbẹ̀. Ọdún 1926 ni wọ́n tó dìbò yọ ọ́ kúrò, ìgbà tí Steinbeck ti pé ẹni ọdún 24. Nígbà tó ń rin ìrìn àjò ẹ̀, Green Book ṣì ń jáde, ìwé tí Victor Hugo Green, òṣìṣẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ tó ń gbé ní Harlem, bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1936 kí aláwọ̀ dúdú tó bá ń rìnrìn àjò lè mọ ibi tó lè sùn àti ibi tó lè jẹun. Ọkùnrin ilé epo yẹn, tó fojú jọ ọ̀dájú tó sì ṣe oore, ṣé á gbé fóònù yẹn fún wa? Mo gbàgbọ́ pé á gbé e. Ìwé náà ló mú mi gbà bẹ́ẹ̀, agbára tó ní nìyẹn. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé kí n tó gbọ̀nà, màá ti béèrè.

Lónìí ńkọ́? Wọn ò ṣe wá ní nǹkan kan. Ohun tí mo kàn ṣàkíyèsí ni pé níbi tí a bá páàkì sí, ajá ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ kí. Ìyá àgbà kan ní Florence bá Ṣebótimọ sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún lábẹ́ òjò, ó bi í pé ọmọ ọdún mélòó ni, ó bi í bóyá ó fẹ́ràn òkun, kó tó gbójú sókè tó rí i pé àwa náà wà níbẹ̀. A dáhùn fún ajá. Inú gbogbo wa dùn. Lálẹ́, ìyàwó mi ní Charley yẹn, ó jọ pé ó ń gba owó iṣẹ́ ẹ̀ lóòótọ́.

Kí n tó parí, ó yẹ kí n jẹ́wọ́ nǹkan kan, torí ẹni tó máa fẹ̀sùn kan òkú gbọ́dọ̀ wẹ ọwọ́ tirẹ̀ ná. Nígbà tí a padà dé Seattle, mo kọ ìròyìn ìrìn àjò náà ráńpẹ́ sójú ìwé mi lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo fi fọ́tò mẹ́fà sí i. Ìyàwó mi kà á tán. Kò bínú. Ó kàn bi mí pé ta ló ya fọ́tò. Mo lọ tún un kà. Ní gbogbo ibi tí mo ti dárúkọ ẹni tó wà lọ́kọ̀, "èmi àti Ṣebótimọ" ni mo kọ. Mi ò pète ẹ̀. Ìrìn àjò tèèyàn dá rìn ló ń dún bí ìrìn àjò nínú ìwé. Tẹni méjì, àríyànjiyàn lórí fèrèsé tó ń jò ni. Ajá ò sì í bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Mo tún un kọ. Ó gùn sí i, àwọn èèyàn sì rẹ́rìn-ín níbi tí mi ò rò pé wọ́n á ti rẹ́rìn-ín.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ka ìwé Steinbeck, ẹ wá ẹ̀dà 2012, ṣùgbọ́n ẹ fi ọ̀rọ̀ ìṣáájú sílẹ̀ dìgbà tẹ́ ẹ bá kà á tán. Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ tàn yín jẹ. Ó mọ̀ ọ́n ṣe. Mi ò lè yá yín ní tèmi. Ọwọ́ ìyàwó mi ló wà láti ìgbà tí a ti dé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo jí i ṣí, mo sì rí i pé létí ojú ewé táyà yẹn, ó ti fi pẹ́ńsù kọ ọ́ síbẹ̀: "Ta ló di agbòòrùn mú?"